Ìwádìí, sẹ́ńsọ̀, àti lílà á yé aráàlú: ṣé eku mẹ́ta ni mò ń lé?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ni mò ń ṣe, ó ku bí oṣù mẹ́jọ kí n parí. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan, irú èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn gáàsì, ni iṣẹ́ mi dá lé. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ fún títà ti fẹ́ gbà mí. Yàtọ̀ sí èyí, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń kó àwọn ọmọ iléèwé jọ lọ́jọ́ Sátidé, tí mò ń fi nǹkan kéékèèké ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ àti ìró fún wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi ní kí n mú ọ̀kan, kí n ju méjì tó kù nù. Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti mẹ́ta. Wọ́n tún ní bí mo bá lọ sí iléeṣẹ́, mi ò ní lè padà sídìí ìwádìí mọ́, àti pé ti àwọn ọmọ iléèwé yẹn, eré ni. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ àbúrò yín sọ́nà.”

Àbúrò mi, ẹẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú kálàmù, nítorí pé ìbéèrè mẹ́ta ló wé mọ́ra nínú rẹ̀, ìdáhùn wọn kò sì rí bákan náà. Èkíní ni pé ṣé ẹnì kan lè jẹ́ olùwádìí, kó jẹ́ ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ, kó tún máa la sáyẹ́ǹsì yé aráàlú, kó má sì jẹ́ aláàbọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Èkejì ni pé ṣé ilẹ̀kùn máa ń tì mọ́ ẹni tó bá fi yunifásítì sílẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ti iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n pè ní eré. Àmọ́ ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rù, ẹ̀rù pé ọjọ́ orí á ti lọ kí o tó rí i pé o kò di nǹkan kan ní pàtó. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní láàbù yunifásítì, mo lo mẹ́sàn-án ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀, mo sì tún padà sídìí ìwádìí. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ̀rù náà kò bá mi wọlé. Sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti ti ooru ni mo ti ṣe jù, ibẹ̀ ni ẹnu mi sì ti tólẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìṣirò nìkan ló fi ń ṣe físíìsì, tí kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ, lè dá ọ lóhùn lọ́nà mìíràn, kò sì ní jẹ̀bi.

Jẹ́ ká ti orí òwe ọ̀gá rẹ bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni òwe náà, nítorí pé eku méjì kì í sá gba ọ̀nà kan. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé ṣé eku mẹ́ta ni ò ń lé lóòótọ́, àbí eku kan ṣoṣo tó ń gba ẹ̀yìnkùlé mẹ́ta kọjá. Lójú tèmi, ẹyọ kan ni. Ìbéèrè kan ló wà nídìí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń fi físíìsì wọn nǹkan: kí ló mú abẹ́rẹ́ yìí mì, ṣé ohun tí mo rò ni, àbí nǹkan mìíràn? Olùwádìí ń bi í kó má baà kéde ohun tí kò rí. Ẹni tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ fún títà ń bi í kí ẹ̀rọ rẹ̀ má baà purọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tó ń la sáyẹ́ǹsì yé aráàlú ń kọ́ wọn láti máa bi í fúnra wọn. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Seebeck, onímọ̀ físíìsì kan, ní 1821. Ó so irin oríṣi méjì pọ̀ di òbìrí, ó mú ibi ìsopọ̀ kan gbóná, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí bá yí. Ó ní ooru ló sọ irin náà di mágnẹ́ẹ̀tì. Abẹ́rẹ́ yí lóòótọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀, àlàyé rẹ̀ ni kò tọ́. Ørsted, onímọ̀ físíìsì ará Denmark, ló là á yé ayé pé iná mànàmáná ni ooru náà ń tì kiri nínú irin, iná yẹn ló wá ń yí abẹ́rẹ́. Orí ohun tí Seebeck rí ni thermocouple dúró lé títí dòní, wáyà méjì tí a fi ń mọ bí inú iná ìléru ṣe gbóná tó. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní type K, kì í mú ju nǹkan bí fólítì 41 nínú mílíọ̀nù kan wá fún dígírì Celsius kan. Ìyàtọ̀ ooru láàárín ìdí méjèèjì wáyà náà ló sì ń sọ, kì í sọ ti ìdí kan. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa ka nọ́ńbà tó dán mọ́rán, tí kò sì tọ̀nà, láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ariwo, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti jinlẹ̀ jù. Kì í ṣe ariwo etí ni mo ń sọ. Bí nọ́ńbà ṣe máa ń gbọ̀n lójú sẹ́ńsọ̀ nígbà tí ohun tí à ń wọ̀n kò tilẹ̀ yí padà ni. Ní 1928, Johnson tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe wọn ariwo tó ń ti inú resistor lásán wá, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù, Nyquist sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ohun tó bá ti ní ooru lára, àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù inú rẹ̀ kì í sinmi. Yunifásítì kọ́ ni àwọn méjèèjì wà nígbà náà. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n ń ṣe, lábẹ́ Bell Labs àti AT&T. Bí o bá fẹ́ kí irú ariwo bẹ́ẹ̀ dín kù sí ìdajì, ìgbà mẹ́rin ni wàá wọ̀n ọ́n kí o tó pín in dọ́gba. Bí o bá fẹ́ kó dín kù sí ìdámẹ́wàá, ó di ìgbà 100. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé bí àwọn bá ti lè ní sùúrù, ó ti parí. Kò parí, nítorí pé ariwo mìíràn wà tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ń gbó, yàrá ń gbóná lọ́sàn-án, agbára léésà ń rẹlẹ̀. Bí o bá ṣe pẹ́ tó lórí ìwọ̀n náà ni ìrìn yẹn ṣe máa gbé ọ jìnnà tó sí òótọ́. Ọgbọ́n tí Robert Dicke, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1946 ló bọ́ sí i: kí ẹ̀rọ má tẹjú mọ́ ohun tí à ń wọ̀n nìkan, kó máa wò ó, kó tún máa yíjú wo òṣùwọ̀n kan tí a ti mọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ohun tó bá ń rìn á rìn nínú méjèèjì, bí o bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ìrìn náà á bá a lọ. Ní 1964, Penzias àti Wilson ń lo eriali ńlá kan ní Bell Labs tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ sátẹ́láìtì, wọ́n sì ń rí ariwo kan tó wà níbẹ̀ láìka ibi tí wọ́n bá kọjú eriali sí. Wọ́n ní òṣùwọ̀n tútù kan, tí hílíọ́ọ̀mù olómi ń mú tutù, tí wọ́n ń fi wé e. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n yẹn ni, wọn ì bá ka ariwo náà sí àbùkù ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìtànṣán tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bá pàdé, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1978. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọ pé iléeṣẹ́ kò mọ ìwádìí, kò rántí ibi tí díẹ̀ lára ìwádìí tó tóbi jù ti wá. Òótọ́ kan ni mo gbọ́dọ̀ fi kún un: irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lónìí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni kò ní fún ọ láyè láti lépa ariwo tí kò bá ti ṣèdíwọ́ fún ọjà wọn.

Kí wá ni iléeṣẹ́ máa kọ́ ọ tí láàbù kò lè kọ́ ọ? Ohun tó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lórí tábìlì rẹ, tí ìwọ fúnra rẹ wà níbẹ̀ tí ò ń tọ́jú rẹ̀, yàtọ̀ sí ohun tó máa ṣiṣẹ́ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, pín ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì sí àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án, látorí èrò lásán títí dórí ẹ̀rọ tó ti jíṣẹ́ ní ojú iṣẹ́ gan-an. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń dúró ní ìkẹta tàbí ìkẹrin. Àárín ìkẹrin sí ìkeje ni ọ̀pọ̀ ìhùmọ̀ ń kú sí, torí pé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í sábà di àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà, ó sì tún wọ́n jù fún ẹni tó kàn ń wá ọjà tó lè tà kíákíá. Èmi náà rò nígbà kan pé iṣẹ́ àtẹ̀gùn òkè wọ̀nyẹn kò ní físíìsì nínú. Sẹ́ńsọ̀ gáàsì kan tí mo ṣe ló yí mi lérò padà. Oṣù mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́ ní láàbù láìṣe àṣìṣe kan. Nígbà tí a gbé e síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé gáàsì wà ní gbogbo ìdájí, bí oòrùn bá sì ti yọ dáadáa, á dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje la fi wá a. A yí sọ́fítíwià padà, a pààrọ̀ léǹsì, a fura sí bátìrì. Ìrì ni. Ìrì ń sẹ̀ sójú dígí sẹ́ńsọ̀ náà nígbà tí ilẹ̀ bá tutù.

O mọ irú sẹ́ńsọ̀ tí mo ń sọ, nítorí pé ìbátan tìẹ ni. CO2, gáàsì tí à ń mí síta, máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì, èyí tí ojú kò lè rí, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó máíkírómítà 4.26 mì. A wá ń fi ojú kejì wo nǹkan bí 3.9, níbi tí CO2 àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ mì, a ó sì fi èkíní pín èkejì. Ọgbọ́n Dicke náà ni, ó kàn wọ aṣọ mìíràn. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ohunkóhun tó bá bo dígí yóò dín ojú méjèèjì kù bákan náà, pé ìpín náà kò sì ní yí. Eruku ń ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí n ní ó ń sún mọ́ ọn. Omi tó ti di ìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ní 3.9 kọ́ ló ṣe ń gbà á ní 4.26. Mo ti mọ ìwà ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́, n kò ronú kan omi tó dúró sójú dígí. Nínú ọ̀sẹ̀ méje yẹn, mo kọ́ físíìsì omi ju èyí tí mo kọ́ ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní yunifásítì.

Ibi tí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé tí ó sì ń dùn mí jù ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka ọwọ́ aláìsàn láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ Nihon Kohden ní Japan, ló ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kì í sì í ṣe ohun tó ń wá nìyẹn. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló fẹ́ mọ̀, nípa títú aró sínú ẹ̀jẹ̀ àti fífi ìmọ́lẹ̀ wò ó gba etí. Bí ọkàn ṣe ń lù kìkì ń mú ìmọ́lẹ̀ náà gbọ̀n, ó sì ń ba ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́. Ó fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì gbìyànjú láti pa ariwo náà, ó wá rí i pé bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá ti yí padà, ariwo náà á tún yọjú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá bínú. Òun béèrè ohun tó mú abẹ́rẹ́ mì, ó sì rí i pé ohun tí òun ń pè ní ariwo ló ń sọ iye ọ́síjìn. Ìmọ́lẹ̀ pupa tó wà ní nánómítà 660 àti infurarẹ́ẹ̀dì tó wà ní 940 ni ẹ̀rọ náà sábà máa ń lò lónìí, inú àtẹ tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ láti ara àwọn tí ara wọn dá ni ó sì ti ń mú nọ́ńbà tó ń fi hàn. Mẹ́lánìn inú àwọ̀ ara, ohun tó ń mú ara dúdú, ń gba ìmọ́lẹ̀, pàápàá èyí tó pupa. Ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ̀rọ yìí ń kùnà láti rí àìtó ọ́síjìn lára àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po tó sún mọ́ mẹ́ta iye ìgbà tó ń kùnà lára àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ tó ti gba ẹ̀mí là lọ́pọ̀lọpọ̀ ni o. Àbùkù rẹ̀ wà nínú ohun tó rọrùn láti béèrè: ara ta ni ẹ fi kọ àtẹ yẹn? Olùwádìí ló lè sọ bí mẹ́lánìn ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ló lè tún àtẹ náà kọ. Ẹni tó ń la sáyẹ́ǹsì yé aráàlú ló lè sọ fún ẹni tó jókòó ti aláìsàn pé bí nọ́ńbà náà bá dára tí ara aláìsàn kò sì dára, kó má ṣe gba nọ́ńbà gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Mo mọ àwọn tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwọn tó lè ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni kò pọ̀ tó.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iléèwé rẹ. Kì í ṣe eré. Michael Faraday, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìwé dídì ló kọ́kọ́ kọ́, wà lára àwọn tó mú kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kérésìmesì fún àwọn ọ̀dọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Royal Institution, ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní London. Ní 1825 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, ìgbà 19 ni òun fúnra rẹ̀ sì ṣe é. Láàárín ìgbà tó ń ṣe èyí ló rí i, ní 1831, pé mágnẹ́ẹ̀tì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ń bí iná mànàmáná, tó sì ṣàkíyèsí ní 1833 pé silver sulphide, èròjà kan tí fàdákà wà nínú rẹ̀, túbọ̀ ń jẹ́ kí iná kọjá bó ṣe ń gbóná sí i, èyí tó yàtọ̀ sí ìwà irin. Thermistor tó ń sọ ìwọ̀n ooru nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lónìí, inú àkíyèsí yẹn ló ti ṣẹ̀ wá. Ní tèmi, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ló bi mí nígbà tí mò ń fi sẹ́ńsọ̀ han kíláàsì wọn pé, “Tí kò bá sí gáàsì rárá, kí ló ń sọ?” Mo ní òdo ni. Ó ní, “Ṣé ẹ ti wò ó ní gbogbo òru?” Mi ò tíì wò ó ní gbogbo òru rí. Mo padà sí láàbù, mo ti sẹ́ńsọ̀ náà mọ́ inú àpótí tí kò sí gáàsì, mo sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Òdo náà ń rìn. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló di orí kan odidi nínú àpilẹ̀kọ tí a tẹ̀ lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, mi ò ní fi oyin pa á fún ọ. Ìgbìmọ̀ tó ń gbé ènìyàn ga lẹ́nu iṣẹ́ kì í sábà ka iṣẹ́ yìí sí. Wákàtí kan níwájú àwọn ọmọ lè gba ọjọ́ méjì fún ìmúrasílẹ̀. Ewu mìíràn wà tó le ju àkókò lọ, ìyẹn ni pé ẹnu máa ń dùn. Níwájú àwọn tó fẹ́ràn ohun tí ò ń sọ, ó rọrùn láti sọ ohun tó ju ohun tí o mọ̀ lọ. Mo ti sọ fún gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ rí pé láàárín ọdún márùn-ún, irú sẹ́ńsọ̀ tí mò ń ṣe yóò wà nínú fóònù gbogbo ènìyàn. Ọdún márùn-ún ti kọjá tipẹ́, kò sí níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé àwọn ènìyàn yẹn fọkàn tán mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń bá aráàlú sọ̀rọ̀, mo máa ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe kí n tó sọ ohun tó lè ṣe.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń kọlu ara wọn lóòótọ́, ọ̀gá rẹ kò sì dárúkọ rẹ̀. Àṣírí ni. Olùwádìí fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, iléeṣẹ́ fẹ́ pa á mọ́ títí wọn yóò fi gba pátẹ́ǹtì, ìwọ sì fẹ́ fi han àwọn ọmọ lọ́jọ́ Sátidé. Pátẹ́ǹtì ń dáàbò bo ìhùmọ̀ fún 20 ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìwé béèrè fún un. Lábẹ́ òfin pátẹ́ǹtì Yúróòpù, bí o bá ti ṣàlàyé ìhùmọ̀ náà ní gbangba kí ìwé tó wọlé, ó ti bọ́. Amẹ́ríkà fún ẹni tó hùmọ̀ ọ́n ní oore-ọ̀fẹ́ ọdún kan. Òfin kò sì bìkítà bóyá jọ́nà ni o ti sọ ọ́ tàbí gbọ̀ngàn iléèwé. Ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ fi àwòrán kan han àwùjọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí àwọn agbẹjọ́rò tó fi ìwé sílẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ni, gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ náà sì wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ló já gbà báyẹn ní Yúróòpù. Nítorí náà, bí o bá ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ètò wà tí kò gbọdọ̀ dàrú: ìwé pátẹ́ǹtì á kọ́kọ́ wọlé, àpilẹ̀kọ á tẹ̀ lé e, aráàlú á wá gbọ́. Físíìsì tó ti wà nínú ìwé fún 100 ọdún ni kí o máa fi han àwọn ọmọ, ó pọ̀ tó.

Ní ti ilẹ̀kùn, kì í tì pa, àmọ́ ó máa ń wúwo sí i lọ́dọọdún. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń gba olùwádìí ń ka àpilẹ̀kọ, ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ fún ìwádìí sì wà fún àwọn tí oyè ọ̀mọ̀wé wọn kò tíì pẹ́ nìkan. Ọdún méjì láìtẹ nǹkan jáde, wọ́n lè fojú fò ó. Bó bá di márùn-ún, wàá ní láti ṣàlàyé. Èmi rí ọ̀nà padà nítorí pé mo ń bá àwọn tó wà ní yunifásítì kọ àpilẹ̀kọ kan lọ́dọọdún lórí ohun tí kì í ṣe àṣírí iléeṣẹ́: bí ẹ̀rọ ṣe ń gbó, bí a ṣe ń fi í wé òṣùwọ̀n, ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe sí i. Àwọn iléeṣẹ́ kì í sábà bínú sí irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ronú kàn, ìyẹn ni àwọn ilé òṣùwọ̀n ìjọba, bíi NPL ní Gẹ̀ẹ́sì, PTB ní Jámánì àti NIST ní Amẹ́ríkà. Irú iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe pé, láti 20 oṣù Karùn-ún 2019, ìwọ̀n kílógíráàmù kò sinmi lé irin kan tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí ní ilẹ̀ Faransé mọ́, bí kò ṣe lé Planck constant, nọ́ńbà kan nínú físíìsì tí kì í yí padà. Ìwádìí wà níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún ará ìta. Owó ibẹ̀ lè má tó ti iléeṣẹ́, iṣẹ́ náà sì fẹ́ onísùúrù.

Ibì kan wà tí ọ̀gá rẹ ti jàre, mo sì fẹ́ kí o gbà á lẹ́nu wọn. Ẹni tí kò bá tíì mọ ẹ̀rọ kan dé gbòǹgbò kò tíì ní ohun tó máa gbé kiri. Mo ti rí àwọn tó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn kí wọ́n tó lè sọ ibi tí ariwo ẹ̀rọ wọn ti ń wá, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í kọjá òkèèrè níbikíbi. Nítorí náà, má fi oṣù mẹ́jọ yìí ṣeré. Dín Sátidé kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, má pa á rẹ́, torí pé iná tí a fi eérú bò ṣì ṣeé ràn láàárọ̀, èyí tó bá kú ni yóò ní kí a tún wá ìṣáná. Lẹ́yìn náà, kọ orí kan kún ìwé ìwádìí rẹ, kí iṣẹ́ rẹ̀ má ju pé kó to gbogbo ohun tó lè mú nọ́ńbà rẹ yí padà tí kì í ṣe gáàsì, kó sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ohun tí Rainer Weiss, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ṣe nìyẹn ní 1972. Ó jókòó, ó sì ka àwọn ariwo tó lè da ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì kọ́ láàmú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 14 oṣù Kẹsàn-án 2015, LIGO, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ́ sí Amẹ́ríkà, tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà mẹ́rin, gbọ́ ìgbì òòfà (gravitational wave, kì í ṣe ti mágnẹ́ẹ̀tì) tó yí gígùn apá yẹn padà ní ìwọ̀n tó kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú próótónì lọ, bẹ́ẹ̀ inú átọ́ọ̀mù ni próótónì wà. Irú orí ìwé bẹ́ẹ̀ á wúlò fún àwọn tó máa yẹ ìwé rẹ wò, iléeṣẹ́ á kà á, o sì máa rí ìbéèrè fún àwọn ọmọ rẹ nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Bí mo bá wà nípò rẹ, màá gba iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà, ìyẹn bí wọ́n bá gbà fún mi ní nǹkan mẹ́ta nínú ìwé àdéhùn, mi ò sì ní gba ti ẹnu. Kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti fi yẹ àpilẹ̀kọ wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọn kò bá kọ iye ọjọ́, ọdún méjì lè kọjá lórí ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ohun tí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ohun èlò ara mi, tí kò kan ọjà wọn, tèmi ni. Kí wọ́n sì jẹ́ kí n máa bá akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣiṣẹ́ pọ̀ ní yunifásítì. Bí wọ́n bá kọ̀ èkíní, ó yẹ kó fún ọ lérò. Bí wọ́n bá kọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀gá rẹ sọ nípa ilẹ̀kùn, ó kéré tán nípa ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ yìí. Mi ò mọ àwọn tó gbára lé ọ nílé tàbí gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn sì lè tẹ òṣùwọ̀n ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ, nítorí náà ìwọ ni kí o fi wọ́n kún un. Bí o bá kọ orí ìwé yẹn tán, fi ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí o bá ti kọ ọ́ pé nǹkan kan kéré jù láti kà sí, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣí.